Ṣé kí òfin gbà kí ọmọ ọdún 16 máa ra bíà? Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ẹ dá sí i

Ọmọ Agbowó
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o gbogbo ilé. Ó pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kà á tán kẹ́ ẹ tó bínú sí mi. Ní Nàìjíríà wa níbí, ọdún 18 ni wọ́n ní kéèyàn pé kó tó lè ra ọtí. Ta ló ń tẹ̀ lé e? Ẹ dúró sí Agbowó níwájú géètì UI lálẹ́ Friday, ẹ máa rí àwọn ọmọ tí wọn ò tíì ṣe WAEC tí wọ́n ń fi eyín já ọtí inú ọ̀rá, kò sì sẹ́ni tó ń bi wọ́n pé ọmọ ọdún mélòó ni yín. Wọ́n á yára dà á sọ́nà ọ̀fun ní kọ̀rọ̀ torí wọn ò fẹ́ kí àwọn àgbà àdúgbò rí wọn, wọ́n á wá ju súwíìtì sẹ́nu kí wọ́n tó wọlé.

Ní Jámánì, ọmọ ọdún 16 lè ra bíà àti wáìnì, ọtí líle ló di ọdún 18, kódà ọmọ ọdún 14 lè mu bíà tí òbí ẹ̀ bá jókòó tì í. Mo ro ó síwá sẹ́yìn, ó yẹ kí àwa náà gbé e wá sí 16, bíà àti ẹmu nìkan o, ká wá fi ọtí líle sílẹ̀ fún ẹni ọdún 18 sókè. Ohun tó bá wà ní gbangba la lè bójú tó. Kí lẹ rí sí i?

Ìyá Ìbejì Bódìjà
Àbúrò, mi ò ní bínú sí ẹ, àmọ́ mi ò gbà. Mo ní ọmọkùnrin ọdún 15 nílé. Tí wọ́n bá ní 16, ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn o, tí mo bá ní kó má mu ún á ní "màmá, ìjọba ti ní kí n máa mu ún". 18 yẹn, bí wọn ò tiẹ̀ tẹ̀ lé e níta, èmi ń lò ó nílé. Mo lè tọ́ka sí i.

Àti pé kì í ṣe Agbowó ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ sóde àríyá èyíkéyìí lọ́jọ́ Saturday, bíà àti mọ́tì á jọ wà lórí tábìlì kan náà, àwọn ọmọ á jókòó tì í, bùrọ̀dá kan á ní kí ọmọ ọdún 8 tọ́ fóòmù wò, gbogbo tábìlì á bú sẹ́rìn-ín. Mo ti gba ife lọ́wọ́ ọmọ mi rí lójú agbo, àwọn àna mi ní mo le jù. Ẹ jẹ́ kí n le.

Akẹ́kọ̀ọ́ Pọ́lì
Èmi wà lẹ́yìn Ọmọ Agbowó o. Ẹ wò ó, ní 2024 mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kan ní ọmọ gbọ́dọ̀ pé 18 kó tó wọ yunifásítì, ariwo sọ, mínísítà tó gbapò lẹ́yìn ẹ̀ sì dá a padà sí 16. Ìyẹn ni pé ìjọba gbà pé ọmọ ọdún 16 lè kúrò nílé bàbá ẹ̀, kó lọ gbé hostel, kó máa se oúnjẹ fúnra ẹ̀, kó máa náwó fúnra ẹ̀, tí kò sí bàbá tí kò sí ìyá níbẹ̀. Àwọn ọmọ ọdún àkọ́kọ́ tí a jọ ń gbé nìyẹn. Alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ dé ni wọ́n á ti mu ún, kò sì sẹ́ni tó kọ́ wọn rí bí wọ́n ṣe ń mu ún, ohun tí gbogbo ilé sọ fún wọn ò ju "má mu ún" lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ jẹ́jẹ́ ni mo ti rí tí wọ́n gbé jáde bí òkú.

Tí ẹ bá sì le òfin jù, wọ́n á lọ mu ohun tí kò ní orúkọ. Ṣé ẹ rántí 2015, ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí àwọn èèyàn mu ògógóró tí methanol, ìyẹn kẹ́míkà olóró kan, wà nínú ẹ̀, tí ojú fọ́, tí wọ́n kú? Àwọn àgbàlagbà nìyẹn o. Èmi fẹ́ kọ́mọ mu bíà tí NAFDAC mọ̀ sí ju kó lọ mu ohun tí wọ́n pò ní ẹ̀yìnkùlé.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́
Ẹ ṣé o. Ẹ jẹ́ kí n sọ tara, torí lálẹ́ ni mo máa ń ṣiṣẹ́, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé wọn wá.

Àkọ́kọ́, gbogbo wa ń sọ "ọtí" bíi pé ohun kan náà ni. Ìgò bíà ńlá 60cl tó jẹ́ 5%, ọtí gidi tó wà nínú ẹ̀ ò ju bíi 30ml lọ. Ọ̀rá kékeré 30ml tó jẹ́ 40%, 12ml ló wà níbẹ̀. Tí ọmọ bá mu ọ̀rá méjì ààbọ̀, ó ti mu ìgò bíà ńlá kan nìyẹn, àmọ́ ìgò yẹn á pẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ikùn ẹ̀ á kún, á tọ̀, á sinmi. Ọ̀rá méjì ààbọ̀ ò gba ìṣẹ́jú méjì. Kí ara tó mọ ohun tó wọlé, ó ti mu ìkẹrin.

Èkejì, ara ọmọ ò tíì tóbi tó tàgbà, ọtí kan náà tó jẹ́ kí bùrọ̀dá ẹ̀ máa kọrin lè dá òun dùbúlẹ̀. Ọtí tún máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, pàápàá tí ọmọ ò bá tíì jẹun. Ohun tó ń pa wọ́n ni ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ máa ń sọ, "ẹ jẹ́ kó sùn, ojú ẹ̀ á dá". Ọmọ tí ẹ pè tí kò dáhùn, tí ẹ já léèékánná tí kò mira, tó ń mí díẹ̀díẹ̀, tí ara ẹ̀ ti tutù, oorun kọ́ nìyẹn o. Ẹ dà á sí ẹ̀gbẹ́ kan kí èébì má bàa há a lọ́fun, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ gbé e wá sí ọsibítù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bu epo pupa sí i lẹ́nu, ẹ má rọ omi tútù sí i lẹ́nu. Ẹni tí kò mọra ò lè gbé e mì, ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ.

Ọpọlọ náà, ó ṣì ń dàgbà títí èèyàn á fi tó bí ọmọ ọdún 25. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, sì ti sọ ní January 2023 pé kò sí ìwọ̀n ọtí kankan tí a lè sọ pé kò léwu fún ara. Èmi ò lè fọwọ́ sí 16.

Dírébà Ìwó Road
ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì yẹn ó wọ̀ mí lára gan-an torí ní gáréèjì wa aago márùn-ún ìdájí kí mọ́tò àkọ́kọ́ tó kún àwọn tó ń ta pàrágà ti gbé ìgò kalẹ̀ àwọn ọmọ kọ́ńdọ̀ tí àwọn kan ò tíì hu irùngbọ̀n á ti gbé ife kékeré yẹn mì wọ́n á ní fún ẹ̀yìn ríro ni tàbí fún jẹ̀díjẹ̀dí, ọmọ ọdún 15 wo lẹ̀yìn ń ro? ọmọ yẹn ló máa wa mọ́tò jáde nígbà tí dírébà bá lọ jẹun o. Ẹ má já nǹkan kan wálẹ̀. road safety ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí, kí wọ́n gbé e wọ inú gáréèjì ní ìdájí, kó má jẹ́ ojú ọ̀nà nìkan

Ọmọ Ìbàdàn ní Houston
Mo kí yín láti òkè òkun. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ibí kún un, torí ohun tí Ọmọ Agbowó fẹ́ ṣe yìí, wọ́n ti ṣe é ní Amẹ́ríkà rí.

Ní 1971 ni wọ́n já ọjọ́ orí ìdìbò wálẹ̀ láti 21 sí 18, torí wọ́n ń kó ọmọ ọdún 18 lọ sógun Vietnam, àwọn èèyàn ní tó bá lè kú fún ìlú, kó lè dìbò. Bí ìpínlẹ̀ 30 ló wá já ti ọtí náà wálẹ̀ láàárín ọdún mélòó kan. Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ ni pé ìpínlẹ̀ yìí jẹ́ 18, èyí tó múlé gbè é jẹ́ 21, àwọn ọmọ á wa mọ́tò kọjá bọ́dà lọ mu, wọ́n á tún wà á padà lóru. Ojú ọ̀nà ni wọ́n ń kú sí. Ní 1980 ìyá kan ní Kalifóníà, Candy Lightner, tí ọ̀mùtí fi mọ́tò pa ọmọ ẹ̀ ọdún 13, dá ẹgbẹ́ MADD sílẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ìyá tó ń gbógun ti fífi ọtí wa mọ́tò, wọn ò jẹ́ kí àwọn olóṣèlú sinmi. Ní 1984 Reagan fọwọ́ sí òfin pé ìpínlẹ̀ tó bá kọ̀ tí kò gbé e padà sí 21, àwọn á yọ lára owó ọ̀nà tí ìjọba àpapọ̀ ń fún un, ó sì tó 10%. South Dakota pe ẹjọ́, ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù, wọ́n pàdánù ní 1987. Nígbà tó fi máa di 1988 gbogbo ìpínlẹ̀ ti wà ní 21.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o, kì í ṣe gbogbo èèyàn ló fara mọ́ ọn. Ní 2008 àwọn ọ̀gá yunifásítì tó lé ní 100 fọwọ́ síwèé pé kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ 21 yìí gbé yẹ̀ wò, ohun tí Akẹ́kọ̀ọ́ Pọ́lì sọ gan-an ni wọ́n sọ, pé àwọn ọmọ ń ti ilẹ̀kùn mọ́rí mu ún. Kò yọrí síbì kankan. Ní Texas tí mo wà yìí náà, òfin gbà kí ọmọ mu níwájú òbí ẹ̀ tí òbí bá ń wò ó. Nítorí náà kì í ṣe Jámánì nìkan. New Zealand já tiẹ̀ wálẹ̀ láti 20 sí 18 ní 1999, Lithuania sì gbé tiẹ̀ gòkè láti 18 sí 20 ní 2018.

Ohun tí mo rí níbí ni pé ọmọbìnrin tó ń gbowó ní ṣọ́ọ̀bù á bi mí pé àìdí kádì mi dà, èmi tí mo ti ní ewú lórí. Kò tijú, èmi náà ò bínú. Tó bá ta á fọ́mọ, wọ́n lè mú un. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí nọ́ńbà yẹn ṣiṣẹ́, ì báà jẹ́ 18 ì báà jẹ́ 21.

Bàbá Ọ̀nà-Àrà
Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ń kà yín látàárọ̀, ẹ kú làákàyè.

Lábúlé wa, a ò ka ọdún fẹ́nikẹ́ni. Ẹmu àárọ̀ dùn bí omi ìrèké, tó bá dọ̀sán ó ti ń le, tó bá di ọjọ́ kejì ó ti kan. Ọmọ lè tọ́ tàárọ̀ wò. Ti ìrọ̀lẹ́, ó wà fún àwọn bàbá, ọmọ tó kéré jù ló ń bù ú fún wọn, kò gbọ́dọ̀ bu tiẹ̀. Kí wọ́n sì tó jẹ́ kí o bu ẹmu, wọ́n ti sọ fún ẹ bí Ọbàtálá ṣe mu ẹmu yó lójú ọ̀nà, tó sùn lọ, tí Odùduwà gbé iṣẹ́ tí Olódùmarè rán an lọ ṣe é. Òrìṣà ńlá náà o. Títí dòní àwọn ọmọ ẹ̀ kì í fẹnu kan ẹmu. Ọmọ tó bá gbọ́ ìtàn yẹn á mọ̀ pé ọtí kì í mojú ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n mi ò lè gba 16 tí Ọmọ Agbowó mú wá. Ó ní òbí á jókòó tì wọ́n. Òbí wo? Bàbá ń jáde láago márùn-ún, ìyá ń dé láago mẹ́sàn-án alẹ́. Ní Jámánì, bóyá ẹnì kan wà nílé. Níbí, ẹni tó ń tà á ló máa jókòó tì wọ́n.

Ìyá Ọlọ́tí Sango
E kúu làálàá o. Èmi ni ẹni tí ẹ̀ ń sọ, ẹni tó ń tà á. Mo fẹ́ sọ tèmi torí kò sẹ́ni tó bi wá.

Mo ń ta bíà, mo ń ta mọ́tì, mo ń ta ti inú ọ̀rá náà, mi ò ní purọ́. Ọmọ kan á wá pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù, á ní "bàbá mi ní kí n wá ra méjì". Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá bàbá ẹ̀ ló rán an lóòótọ́? Bàbá mìíì rán an lóòótọ́ o. Mo dá ọmọ kan padà rí, mo ní kí bàbá ẹ̀ wá fúnra ẹ̀, bàbá yẹn wá, ó bú mi níwájú kọ́sítọ́mà, ó ní ṣé èmi ni mo bí i lọ́mọ. Ó wá lọ ra á ní ṣọ́ọ̀bù kejì, kò sì tún yà lọ́dọ̀ mi mọ́ láti ìgbà yẹn. Owó ilé ìwé ọmọ tèmi wà nínú ọjà yẹn náà.

Ẹ ní kí n máa béèrè kádì. Ọmọ ọdún 20 mìíì ò ní kádì kankan lápò, ọmọ ọdún 16 mìíì ga jù mí lọ. Tó bá jẹ́ èmi nìkan ni mo ń béèrè, ọjà mi á kú, kò sì sọ́mọ tí mo gbà là. Tó bá jẹ́ gbogbo wa ní Sango ni, tí wọ́n lẹ ìwé mọ́ ara ògiri fún wa pé òfin nìyí, màá tọ́ka sí i, bàbá yẹn ò ní rí ibòmíì lọ. Ohun tí mo ń wá nìyẹn. Ẹ má gbé nọ́ńbà wálẹ̀ fún mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹni ọdún 14 ló máa wá máa sọ pé òun ti pé 16.

Ti inú ọ̀rá yẹn ńkọ́, ṣé NAFDAC ò ní àwọn ti fòfin dè é ni? Àwọn tó ń kó o wá fún wa ṣì ń kó o wá.

Lọ́yà Ring Road
Ìyá wa ní Sango, ẹ ṣeun gan-an ni. Ẹ jẹ́ kí n dá yín lóhùn lórí NAFDAC ná. Ní December 2018, NAFDAC, mínísítìrì ètò ìlera àti àwọn tó ń ṣe ọtí jọ tọwọ́ bọ̀wé pé ọtí inú ọ̀rá àti ìgò tí kò tó 200ml á kúrò lọ́jà títí January 2024. Láti January 2022 ni NAFDAC ò ti forúkọ tuntun sílẹ̀ mọ́. Nígbà tí ó wá tó àkókò ní February 2024, tí wọ́n fẹ́ mú un ṣẹ, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ọtí jáde ìwọ́de, àwọn aṣòfin dá sí i, wọ́n sún un sí òpin 2025. Ní November 2025 Ilé Aṣòfin Àgbà tún ní kí wọ́n má sún un mọ́. Ẹ rí i pé kì í ṣe ẹ̀yin ni wọ́n ń bá jà, àríyànjiyàn náà wà lókè.

Ẹ̀yin tó kù, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 ní ẹni tí kò pé 18, ọmọ ni, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì ti ṣe tiẹ̀ ní 2006. Ṣùgbọ́n ta ló ni agbára lórí ẹni tó ń ta ọtí? Ẹ ṣí ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, àfikún kẹrin. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé káńsù ló máa fúnni ní láísẹ́ǹsì ọtí, òun náà ló máa ṣàkóso bí wọ́n ṣe ń tà á. Kì í ṣe Àbújá, kì í ṣe ìjọba ìpínlẹ̀ ní Àgọ́dì pàápàá. Káńsù. Ìbàdàn ní káńsù 11. Agbowó àti Bódìjà, Àríwá Ìbàdàn ni wọ́n wà. Tí káńsù bá ní ẹni tó bá ta ọtí fọ́mọ á pàdánù láísẹ́ǹsì ẹ̀, tó sì ṣe òfin abẹ́lé lé e lórí, ìwé tí Ìyá wa ń wá nìyẹn. A ti ń jà lórí 16 àbí 18 látàárọ̀, kò sẹ́ni tó dárúkọ káńsù.

Ọmọ Agbowó
Lọ́yà, ẹ ṣeun, èyí ló wúlò jù fún mi lónìí. Èmi ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi pé ọmọ tó bá bàbá ẹ̀ mu bíà kan nílé sàn ju èyí tó ń já ọ̀rá ní kọ̀rọ̀ lọ, Texas tí Ẹ̀gbọ́n sọ yẹn ò sì yàtọ̀ sí ohun tí mò ń wí. Àmọ́ ti ọ̀rá yìí, kò yẹ kó wà rárá, ì báà jẹ́ fún ọmọ ì báà jẹ́ fún àgbà. Ìṣirò Nọ́ọ̀sì yẹn, mo ti kọ ọ́ sínú ìwé.

Ìyá Ìbejì Bódìjà
Tí bàbá bá fẹ́ fún ọmọ ẹ̀ nílé ẹ̀, mi ò lè wọlé lọ dá a dúró. Kó má ṣe rán an lọ́jà ni mò ń wí. Ọmọ tí bàbá rán lọ ra ọtí lónìí, òun ló mọ ṣọ́ọ̀bù yẹn lọ́la.

Dírébà Ìwó Road
Ìyá Ìbejì ẹ ti sọ ọ́

Ìyá Ọlọ́tí Sango
Lọ́yà, mo ní ìbéèrè kan. Àwọn káńsù yìí, owó tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n máa ń wá gbà lọ́wọ́ wa. Tí wọ́n bá fún wọn lágbára yìí, ṣé kì í ṣe pé wọ́n á tún sọ ọ́ di owó ni? Ẹni tó bá sanwó á máa tà á fọ́mọ, ẹni tí kò bá rówó san ni wọ́n á ti ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ pa.

Lọ́yà Ring Road
Ìyá wa, ẹ̀rù yẹn tọ́. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ ká fi sílẹ̀ fún àwọn tó ń gbowó tíkẹ́ẹ̀tì nìkan. Kí òfin abẹ́lé náà sọ iye owó ìtanràn ní kedere, kó sọ pé báńkì ni wọ́n ti ń san án, kó sì jẹ́ pé ẹgbẹ́ ọlọ́jà àti landlord á ní ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó o. Káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín ló máa gbé e wọ ilé. Ẹ wá orúkọ ẹ̀, ẹ kọ lẹ́tà sí i, ẹ̀yin ọlọ́tí fúnra yín ni kẹ́ ẹ jọ fọwọ́ sí i. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ béèrè fún un, kò ní rọrùn fún wọn láti lò ó mọ́ yín lọ́wọ́. Màá bá yín kọ ọ́, mi ò ní gba kọ́bọ̀.

Ìyá Ọlọ́tí Sango
Ọjọ́ Thursday la máa ń ṣèpàdé. A tó bí mẹ́tàlá tá a ń tà á lẹ́bàá ọ̀nà yìí. Màá sọ fún wọn.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́
Ìyá wa, tí wọ́n bá gbà, mo lè wá síbi ìpàdé yẹn wá ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń mọ ọmọ tí ọtí ti ń pa lọ, torí iwájú ṣọ́ọ̀bù yín ni wọ́n máa ń ṣubú sí. Thursday tó ń bọ̀ yìí mi ò sí lẹ́nu iṣẹ́. Aago mélòó ni?

Ìyá Ọlọ́tí Sango
Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ máa bọ̀ o.